Oògùn Tí Dókítà Titus Tọ́ Wò

Igò kékeré kan ló kọ́kọ́ wọ Súmbọ̀ lójú lórí tábìlì ìdáná Roseline, láàárín agolo mílíìkì àti Bíbélì. Omi inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Orúkọ lab tí Súmbọ̀ ti ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lab wọn kì í fún aláìsàn kankan lóògùn.

"Àǹtí Roseline, ta ló fún yín ní èyí?"

Roseline yára fi ọwọ́ bo igò náà. "Súmbọ̀, má pariwo. Dókítà Titus ni. Ó ní ẹ̀yin ará lab ò gbọdọ̀ mọ̀ pé òun ń yọ ọ́ jáde."

"Ṣé Bọ̀dá Yínká ṣì ń lọ gba iná radiation tí wọ́n ń yìn sí wọn lórí ní hospital?"

Roseline ti igò náà sẹ́yìn Bíbélì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ rẹ̀ kò ti débẹ̀. Titus ló ní iná yẹn máa ba oògùn òun jẹ́.

Súmbọ̀ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Irú kókó jẹjẹrẹ tí wọ́n gé nínú ọpọlọ Yínká lòun náà ń tọ́ dàgbà nínú àwo dígí ní lab láti fi ṣe ìwádìí. Bí ó bá fún un lóúnjẹ ní Friday, á ti bo àwo náà káríkárí kó tó di Monday. Nínú ọpọlọ, gbòǹgbò rẹ̀ ń wọ inú ẹran ara tó dáa. Ọ̀bẹ ò lè kó o tán láé. Iná yẹn ni wọ́n fi ń dá ìyókù dúró. Kò sí ẹni tó ṣèlérí ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó ń fa ẹ̀mí gùn díẹ̀.

Ní pálọ̀, Yínká, ẹnjiníà tó máa ń ya àwòrán páìpù epo tẹ́lẹ̀, ń na ìka sí ṣíbí. Kò rántí ohun tí wọ́n ń pe ṣíbí mọ́.

"Dókítà ò lè purọ́ fún wa," ni Roseline wí. "Ó tọ́ ọ wò níṣojú wa!"

Màmá Yínká, tó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó sí Calgary ní Canada nítorí ọmọ rẹ̀, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni mo ní kó tọ́ ọ wò. Ṣebí ẹni tó bá gbé nǹkan mímu fún èèyàn ló ń kọ́kọ́ bù mu? Ṣíbí kan gbáko ló gbé mì, ó sì lá ètè. Mo fi orúkọ ìdílé rẹ̀ kì í: Bámgbóyè, ọmọ akin tí ogun rí tó yà fún, ọmọ òpó tí í gbé ilé ró. Omi dà lójú ẹ̀."

Súmbọ̀ jókòó wọ̀ọ̀. "Màmá, oògùn tó ń pa kókó yẹn, a kì í fi ọwọ́ lásán mú un. Ìbọ̀wọ́ la ń wọ̀. Bí ó bá kán síni lára, awọ á bó. Ẹni tó bá gbé ṣíbí kan rẹ̀ mì kò ní lá ètè."

Màmá wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Ọlọ́run mi," Màmá wí. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bù ú sí i lẹ́nu."

Àwọn ọlọ́pàá tí Súmbọ̀ pè gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n mi orí. Titus lè sọ pé òun rò pé oògùn gidi ni. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ̀ pé ayédèrú ni.

Ní Saturday, méjì nínú àwọn ọlọ́pàá náà jókòó sí basement, yàrá abẹ́ ilé, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Titus wọlé pẹ̀lú kóòtù gígùn, snow ń yọ́ lára bàtà rẹ̀. Ó ti fi mọ́tò pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé bí ìṣe rẹ̀, kí aládùúgbò má baà rí i. Màmá gbé oúnjẹ fún un, ó ń bù kún un, ó ń bi í léèrè ará ilé, títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Nígbà náà ni Súmbọ̀ jáde láti ìdáná, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, igò lọ́wọ́. Òyìnbó ló sọ, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè gbọ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Dókítà. Lab wa ni mo ti ń bọ̀."

Ojú Titus yí, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó fi òyìnbó dá a lóhùn. "Àbúrò! A ò pàdé rí. Lab yẹn ti tóbi jù."

"Yàrá méjì ni, sà." Ó gbé igò náà síwájú rẹ̀. "Ògidì rèé, èyí tí à ń lò níbẹ̀. Màmá fẹ́ kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò, bí ẹ ṣe tọ́ tiyín."

Màmá na ṣíbí sí i lẹ́nu. "Ẹ̀ẹ̀kan péré, Dókítà mi."

Titus fa àga sẹ́yìn. "Ẹ gbé e kúrò! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Kí ló dé? Ṣebí oògùn kan náà ni?"

"Ìyẹn máa ń jẹ èèyàn nífun! Tèmi ò lè pa ẹnikẹ́ni, omi lásán—" Ó pa ẹnu dé.

Ilẹ̀kùn basement ṣí. Titus ta àga nù, ó gba ẹ̀yìn jáde. Ṣùgbọ́n January ni, ní Calgary: mọ́tò tí wọn ò bá fi wáyà so mọ́ iná ilé ń di òkúta nínú òtútù. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú. Ó wúkọ́, ó kú. Titus fò sílẹ̀, ó sáré gba inú snow lọ sí ibùdó train. Ilẹ̀kùn train ti ṣí, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, nígbà tí ọlọ́pàá fa kóòtù rẹ̀ látẹ̀yìn.

Wọ́n mú un padà wá nítorí àpò rẹ̀ tó fi sílẹ̀ nígbà tó sá jáde.

"Kí ló wà nínú igò tìẹ?" ni ọlọ́pàá kan bi í.

"Omi. Ṣúgà. Àwọ̀ kéèkì."

"Níbo lo ti ń ṣiṣẹ́?"

"Foothills Industrial. Forklift, mọ́tò tó ń gbé ẹrù, ni mò ń wà ní ilé ìkẹ́rùsí oògùn. Mo máa ń rí àmì orí òkú lára páálí oògùn jẹjẹrẹ."

"Àwọn wo lo tún tà á fún?"

"Ilé méjì." Ó wolẹ̀. "Bàbá tó wà nílé àkọ́kọ́ ti kú."

Súmbọ̀ bu ṣíbí kan nínú igò tirẹ̀, ó gbé e mì. "Omi ẹ̀rọ ni," ó wí.

Màmá dúró níwájú Titus. "Oríkì tí mo kì ọ́, mo gbà á padà. Máa lọ."

Wọ́n mú un lọ. Roseline kúnlẹ̀ sídìí àga ọkọ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé iyì oògùn èké náà ti wọmi, ó tún ń sunkún nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ní padà wá. Yínká gbé ọwọ́ lé e lórí. Ètè rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀, kò rí i, ó tún wá a.

"Rosi," ó wí. "Ibi… ibi iná yẹn. Jọ̀ọ́, gbé mi lọ."