Lẹ́yìn Orí, Orúnkún

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ọṣẹ wà nínú irun rẹ̀, ọmọ mi sì ń ké lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ni ibẹ̀, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún aago ṣe. Ìyàwó mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ìyá rẹ̀ ló ń bá mi tọ́ Kékeré, ọmọ wa. Àgbà ti dé sí wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé ọmọ náà lọ síbẹ̀ láràárọ̀.

Obìnrin náà, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ níbẹ̀, ní orin fún gbogbo nǹkan. Ó ní èyí tí wọ́n fi ń fọ eyín, èyí tí wọ́n fi ń kó ohun ìṣeré sílé, èyí tí wọ́n fi ń sun oorun ọ̀sán. Àǹtí Olórin ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ọmọ ló ń gbọ́ tirẹ̀, àfi tèmi, bí àkókò ìwẹ̀ bá ti tó.

"Bàbá Kékeré, ẹ gbà mí o," ó ní. "Kí lẹ ń kọ fún ọmọ yìí nílé? Mo kọ orí, mo kọ etí, ló bá figbe ta bí ẹni tí mo jí nǹkan ẹ̀."

"Orin ìyá rẹ̀ ló ń retí."

"Ẹ kọ ọ́ kí n gbọ́."

"Èmi kì í kọrin."

"Ṣé aago ló máa bá yín kọ ọ́ ni?"

Mo wo ilẹ̀. Mo wo ọmọ mi. Mo kọ ọ́.

*Omi dé, ọ̀rẹ́ mi, omi dé.*
*Bomi sórí, orí á tutù.*
*Bomi sórúnkún, orúnkún á rẹ́rìn-ín.*
*Bomi sétí, etí á gbọ́ ire.*

Kékeré dákẹ́. Ó na orúnkún rẹ̀ síta. Àwọn ọmọ tó kù fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́. Àǹtí Olórin kò rẹ́rìn-ín.

"Lẹ́yìn orí, orúnkún? Báwo ni orúnkún ṣe fo ọrùn kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń kọ ọ́. N kò mọ ìdí."

"Bẹ́ẹ̀ náà la ó máa kọ ọ́."

Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn. N kò sọ. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tètè ti ṣọ́ọ̀bù ni.

Òun ló sọ ọ́. "Aláago, ẹ ti ń yá jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ṣé ọmọ lẹ ń wá mú ni, àbí àǹtí ọmọ?"

"Àwọn méjèèjì."

Ó fi aṣọ ìnura bo ojú. "Ẹnu yín kì í ṣí, àmọ́ bó bá ṣí, ó burú."

Mo sọ fún Màmá, ìyá ìyàwó mi tó kú. Wọ́n ń ká aṣọ ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n dáwọ́ dúró.

"Mi ò ní kí o má fẹ́yàwó. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa fi orin tirẹ̀ nu ọmọ mi kúrò lẹ́nu ọmọ yìí. Lọ́jọ́ tí olórin yẹn bá wọlé, èmi àti Kékeré á jáde. Mo ṣì ní ilé tèmi."

N kò lè fi ọmọ mi pààrọ̀ ìyàwó. Mo sọ ọ́ fún Àǹtí Olórin bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá ò jẹ̀bi, olólùfẹ́ mi. Ẹni tó sin ọmọ ẹ̀, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀."

A fi mọ síbẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ilé mi dákẹ́.

Ìyẹn kò tó Màmá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn ń lọ kó ẹrù Kékeré kúrò níbẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn.

Ìdí ìwẹ̀ ni a bá wọn. Àwọn ọmọ bíi mẹ́wàá jókòó sínú àwọn ọpọ́n ìwẹ̀, wọ́n ń kọrin. Gbogbo ọwọ́ lọ sí orí. Gbogbo ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí orúnkún.

Màmá dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló kọ́ wọn ní orúnkún?"

Àǹtí Olórin kúnlẹ̀ tomi-tọṣẹ. "Ìyá Kékeré ni, Màmá. Mo máa ń sọ fún wọn ká tó bẹ̀rẹ̀ pé orin ìyá Kékeré rèé. Wọn ò mọ orin ìwẹ̀ mìíràn mọ́."

Màmá wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Àga ọmọdé ni wọ́n rí.

"Ọṣẹ ló bọ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ kan," wọ́n ní. "Ó ń wẹ ọmọ, ó ń kọrin. Ó kọ orí tán, ọṣẹ yọ̀, ó já lu orúnkún ọmọ. Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, 'Orúnkún kọ́ ló kàn, ìwọ ọmọ yìí.' Ó ní, 'Màmá, òun ló kàn báyìí.'"

Wọ́n sunkún. A jẹ́ kí wọ́n sun ún tán.

"Dìde, omi ń ba aṣọ rẹ jẹ́," wọ́n sọ fún un. "Wá bá mi wẹ ọmọ yìí nílé ní ìrọ̀lẹ́. Apá mi ò ká a mọ́." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo dúró sí bí aago tó kú? Lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, Màmá fúnra wọn ló fa ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé bá wọn.

Ó ti pẹ́. Kékeré ti ń wẹ ọmọ tirẹ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń rí ìyá kan tí n kò mọ̀ rí nídìí ẹ̀rọ omi, tó ń fi orin wẹ ọmọ rẹ̀. Yóò kúrò ní orí, yóò lọ sí orúnkún. N kì í béèrè nǹkan kan. Mo máa ń kọjá ni.

Ọwọ́ ìyàwó mi kò ṣeé gbé sókè mọ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ yìí, mo bomi sí i lórí, mo sì na ọwọ́ sí etí rẹ̀.

"Olówó orí mi," ó ní. "Orúnkún ńkọ́?"

Mo kọ ọ́. Ohùn mi kò tíì dára.

Ó na orúnkún rẹ̀ síta.