Lábẹ́ Òkúta Keje

Omi inú korobá náà tutù, ó sì ń ta sí mi lẹ́sẹ̀ bí mo ṣe ń yára sọ̀kalẹ̀ láti orísun odò. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Kòkòrò mọ́kàndínlógún ló wà nínú korobá náà. Wọn kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìrù tín-ín-rín mẹ́ta. Mo ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ dání: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ ṣáà fara dà á di aago mẹ́wàá."

Kí ẹ tó sọ pé orí mi ti dàrú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo parí ilé-ìwé girama lọ́dún yẹn, wọ́n sì gbà mí sí ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún odò àdúgbò wa ṣe. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni wá, síbẹ̀ wọ́n ń san owó oṣù fún wa, ìyá mi sì sọ mí di "òṣìṣẹ́ ìjọba" lójú gbogbo ará ilé, bẹ́ẹ̀ ìjọba kò mọ̀ mí rí. A máa ń ṣa ìdọ̀tí, a máa ń gbin igi sí etí odò, a sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Lóṣooṣù, a máa ń gbé òkúta mẹ́wàá kan náà sókè nínú omi, a ó ka kòkòrò onírù mẹ́ta tó wà lábẹ́ wọn, a ó sì dá òkúta padà bó ṣe wà. Kòkòrò yẹn kì í gbé inú omi ìdọ̀tí. Tí ó bá wà, omi ti ń mọ́. Tí kò bá sí, iṣẹ́ ṣì kù.

Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń kọ òfo.

Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí a ń pè ní Alábàtà nítorí bàtà rọ́bà tí kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò bínú sí òfo rárá. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni yóò wí. Ṣùgbọ́n èmi ní àbúrò obìnrin kan nílé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí a ń pè ní Lọ́yà torí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í tú dé ìdí. Lọ́yà ti sọ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti wo odò sàn. Kíláàsì rẹ̀ ló sì ń bọ̀ wá ka kòkòrò lọ́jọ́ náà. N kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé korobá lọ sí orísun odò, níbi tí omi ti mọ́ lóló. Kí àwọn ọmọ náà tó dé, mo ti kó àwọn kòkòrò yẹn sábẹ́ àwọn òkúta wa.

Nígbà tí wọ́n dé, Lọ́yà ló gbé òkúta keje. Ó wò ó, ó tún un wò, ó wá gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó. Ó ń mí."

Mọ́kànlá ni àwọn ọmọ náà rí. Alábàtà kúnlẹ̀ sínú omi láàárín wọn, mo sì rí i tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú kó tó kọ iye náà sílẹ̀. Nílé, Lọ́yà ròyìn títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé irọ́ ni.

Ní ọjọ́ kẹta, mo yọ́ lọ gbé òkúta keje. Kòkòrò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti funfun, kò mira mọ́. Mo dá òkúta padà, mo pa ẹnu mi mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Alábàtà pè wá jọ. Ó ní inú àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa dùn sí mọ́kànlá yẹn. Wọ́n ní odò ti ń sàn, nítorí náà wọn kò ní yí páìpù ilé ìfọṣọ tó ń da omi ọṣẹ sínú rẹ̀ kúrò mọ́. Odò mìíràn ni wọn yóò kọjú sí. Àwọn ẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí omi ọṣẹ yẹn ti pa.

Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n lè lé mi, Lọ́yà yóò sì gbọ́. Tí mo bá dákẹ́, bí odò yẹn yóò ṣe wà nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Alábàtà ní ilé irinṣẹ́, níbi tó ti ń fi igi ha ẹrẹ̀ lára bàtà rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Jókòó ná. Ojú rẹ ti sọ ìdajì."

"Èmi ni mo kó àwọn kòkòrò yẹn wá. Orísun odò ni mo ti fi korobá kó wọn."

Igi dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Nítorí kí ni?"

"Nítorí àbúrò mi. N kò fẹ́ kí ojú tì í."

"Ọmọ mi," ó wí, kò sì pariwo mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí omi bọ́ lójú mi. "Òfo tí ò ń sá fún yẹn ni mo fẹ́ fi bá wọn jà lórí páìpù. O ti gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ṣé ẹ máa lé mi ni?"

"N kò lé ọ. Àmọ́ o ò ní fọwọ́ kan ìwé àkọsílẹ̀ mọ́ títí àkókò rẹ á fi pé. Ṣọ́bìrì ni wàá máa gbé. Èmi á kọ̀wé sí wọn lónìí, ìwọ á fọwọ́ sí i. Ní ti àwọn ọmọ yẹn, ìwọ fúnra rẹ lo máa lọ sọ fún wọn."

Mo lọ. Mo dúró níwájú kíláàsì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Lọ́yà ń wo tábìlì rẹ̀. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, kò sì béèrè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Àárò ìbéèrè rẹ̀ sọ mí gan-an.

Ìwé Alábàtà ṣiṣẹ́. Wọ́n yí páìpù náà kúrò kí oṣù karùn-ún tó parí. Èmi ń gbẹ́ ilẹ̀, mo ń gbin igi, àtẹ́lẹwọ́ mi sì bó.

Ní ọjọ́ tí mo lò kẹ́yìn níbẹ̀, Lọ́yà dédé yọ sí wa, ó wọ bàtà rọ́bà ìyá wa tó tóbi jù ú lọ. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mìíràn ló mú ìwé dání. Lọ́yà gbé òkúta keje, ó sì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ gbé kòkòrò yìí síbẹ̀?"

Ìbéèrè náà dùn mí wọra, ṣùgbọ́n n kò lè bínú. Èmi ni mo jẹ́ kó di ohun tó yẹ kó béèrè.

"Rárá o. Ṣọ́bìrì nìkan ni mo ti fọwọ́ kàn láti ọjọ́ yìí."

Ó wò mí lójú, bí lọ́yà ṣe ń wo ẹlẹ́rìí. Ó wá yíjú sí ẹni tó mú ìwé. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan."

Ọ̀kan ṣoṣo. Mọ́kànlá ìjọ́sí kò dùn mọ́ mi tó ọ̀kan yìí. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí mo bá fẹ́ràn, òótọ́ ni kí n máa sọ fún un, kódà tó bá jẹ́ òfo ni òótọ́ náà, torí irọ́ tí mo fi bo ojú àbúrò mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba odò àti àbúrò lọ́wọ́ mi. A dá òkúta padà bó ṣe wà, a jọ kọrí sílé. Kí a tó dé títì, Lọ́yà ti béèrè ìbéèrè mẹ́rin.