Kán-ún, Bátìrì àti Ẹ̀rọ Màmá

Ṣòkòtò ni Ọláfimíhàn mú wá sí Ọjà Ọba kí wọ́n bá a gé e kúrú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára Ọláyẹmí, ọmọbìnrin télọ̀ tó ń fọwọ́ ránṣọ, tí ẹ̀rọ ìránṣọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ yìí ńkọ́?"

"Òjò ló bá a nílé. Ó ti dípẹtà, kò yí mọ́. Ti màmá mi ni."

Lọ́dún tí owó epo fò sókè yẹn, ta ló fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun? Ọláfimíhàn, ọmọ Oǹdó tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní Àkúrẹ́, rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá kán-ún fún mi. Màá gbé bátìrì mọ́tò wá."

"Kán-ún tí mo fi ń se ẹ̀wà!" Màmá pariwo nílé. "Bó bá ba ẹ̀rọ tó bọ́ ọ dàgbà jẹ́, n ò gbọdọ̀ rí i níbí mọ́."

Ní gbogbo Sátidé, nílé Màmá, Ọláfimíhàn á po kán-ún sínú báàkẹ́tì omi. Á so irin tó dípẹtà mọ́ wáyà dúdú bátìrì, á so àlòkù irin tí iná á jẹ dípò rẹ̀ mọ́ wáyà pupa. Omi á máa hó, ìpẹtà á máa ṣí kúrò, Ọláyẹmí á sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìyókù. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ń ka ọjọ́ di Sátidé.

Ó wá ku ẹsẹ̀ ẹ̀rọ nìkan, irin kékeré tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni Ọláfimíhàn ń sọ lọ́jọ́ náà tó fi so ó mọ́ wáyà pupa. Tíṣà sáyẹ́ǹsì o! Kí wọ́n tó rántí báàkẹ́tì, irin náà ti jẹ wúruwùru. Wọ́n wá irú rẹ̀ káàkiri Àkúrẹ́, wọn ò rí i.

"Jẹ́ ká sọ pé ìpẹtà ló jẹ ẹ́," Ọláyẹmí bẹ̀ ẹ́.

"Rárá, olólùfẹ́ mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a."

Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó jẹ́wọ́. Màmá ò pariwo. Ó kàn nawọ́ sí ojú ọ̀nà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, Ọláyẹmí tún ń fọwọ́ ránṣọ, Ọláfimíhàn ò sì yọjú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Ọláfimíhàn dé láti Oǹdó, ó tú áńkáṣíìfù.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ màmá mi nìyí, mà. Ọ̀kan náà ni."

"Kí ni wọ́n á wá máa fi ránṣọ?" Màmá béèrè.

"Wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tí á máa bá àwọn rán an."

Màmá de irin náà mọ́ ẹ̀rọ, ó fa etí ìró ara rẹ̀ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Ó rán an lọ gbọọrọ. Ó wo ojú rírán náà títí.

"Sọ fún màmá ẹ kí wọ́n má dá wá o," ó ní. "Kí wọ́n kó ẹbí dání."

Ọláyẹmí dì mọ́ màmá rẹ̀, ó bú sẹ́kún ayọ̀.