Asẹ́rọ̀ àti Ìkíni Alfa Búráímọ̀

Ní ọdún tí ìlú Òkè-Oṣù pé ogójì ọdún lórí òṣùpá, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ìlú fi ń yangàn. Asẹ́rọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ ló ń sẹ́ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Èyí tó dára á kọjá, èèrí á kù sínú asẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé abúlé ni Òkè-Oṣù o. Yorùbá ni wá, ibi tí a bá dé là ń dá ìlú sí. Àwọn bàbá wa gbẹ́ ilẹ̀ tí kò ní omi, tí kò ní afẹ́fẹ́, wọ́n fi òrùlé dígí bò ó, wọ́n sì gbin tẹ̀tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ní kò lè ṣeé ṣe nígbà náà ti ń tọrọ àyè báyìí. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní òrùlé tirẹ̀, ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ sì há, nítorí náà orí Gbàgede ni gbogbo ìlú ti ń pàdé. Gbàgede kì í ṣe ilẹ̀ tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ènìyàn á kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri yàrá rẹ̀, gbogbo ìlú á sì kà á lára ògiri tiwọn. Níbẹ̀ là ń kíra, níbẹ̀ là ń jiyàn, níbẹ̀ náà la ti ń bú ara wa.

Ìgbà kan wà tí èébú pọ̀ jù. Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe ń bú ẹ̀sìn ara wọn débi pé àwọn aládùúgbò ò kíra mọ́. Ìgbà náà ni Mùíbátù Àjọkẹ́, onímọ̀ ẹ̀rọ, kọ́ Asẹ́rọ̀ bí ìyá ṣe ń kọ́ ọmọ. Bí ìjà kan bá tán, á fi ẹni tó jẹ̀bi han ẹ̀rọ. Bí òmíràn bá tún ṣẹlẹ̀, á tún fi hàn án. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dá a mọ̀ fúnra rẹ̀, Gbàgede sì tòrò. Àwọn ìlú yòókù lórí òṣùpá gbọ́, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ ẹ, wọ́n sì dá ọjọ́ tí àwọn aṣojú wọn máa wá gbà á.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Ìyá Dọ́káàsì, ìyá ìjọ tó tún jẹ́ alága Gbàgede, já wọ ibi iṣẹ́ Mùíbátù.

"Mùíbátù, ẹ̀rọ rẹ ń ṣe ojúsàájú."

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ojúsàájú báwo?"

"Káàárọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọ̀rọ̀ mùsùlùmí kankan ní Gbàgede. Ààwẹ̀ ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tíì jiyàn oṣù. Ṣé kò yà ọ́ lẹ́nu ni?"

Iyàn oṣù yìí, adùn ọdún ni fún wa. Ní ilé ayé, òkè ni mùsùlùmí ń wò kó tó gba ààwẹ̀. Òkè wo ni ẹni tó ń gbé orí òṣùpá fẹ́ wò? Alfa Búráímọ̀, bàbá Mùíbátù, ló máa ń dá iyàn náà sílẹ̀ lọ́dọọdún. Á kọ ọ́ sí Gbàgede pé, "Oṣù tí ẹ ń wá kiri, òun lẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí!" Onígbàgbọ́ á rẹ́rìn-ín, oníṣẹ̀ṣe á dá sí i.

Mùíbátù rẹ́rìn-ín ìgbéraga díẹ̀. "Ìyá, mùsùlùmí lèmi fúnra mi. Ṣé èmi ni màá kọ́ ẹ̀rọ kó pa àwọn èèyàn mi lẹ́nu mọ́?"

"Èmi ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Jẹ́ ká dán an wò."

Ìyá Dọ́káàsì kọ ọ́ sára ògiri: "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Jésù á ṣọ́ wa lónìí." Kíá ni àmín bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mùíbátù náà kọ tirẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Bìsìmílláhì, Ọlọ́run á ṣọ́ wa lónìí." Ó hàn ketekete lára ògiri rẹ̀. Wọ́n dúró títí, àmín kan ṣoṣo ò wọlé.

Mùíbátù ṣí inú Asẹ́rọ̀, ó sì rí ìkíni tirẹ̀ láàárín èèrí. Ìkíni bàbá rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ti àràárọ̀ ọjọ́ gbogbo. Asẹ́rọ̀ kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. Mùíbátù ló ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ojú má baà ti ènìyàn. Alfa ń kí gbogbo ìlú, ó rò pé gbogbo ìlú rí i, ẹnikẹ́ni ò sì dá a lóhùn. Ọmọ rẹ̀ náà ò sì yà sílé rẹ̀, iṣẹ́ ò jẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn kà pé: "Ẹ káàárọ̀ o. Ó jọ pé mo ṣẹ̀ yín. Ẹ forí jì mí. Mo ń bá ọkọ̀ òní padà sílé ayé."

"Bàbá mi!" Mùíbátù kígbe. Ara àgbà kò lè gun òkè òṣùpá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní ọjọ́ orí Alfa ti lọ nìyẹn.

"Ta ló kọ́ ẹ̀rọ báyìí?" Ìyá Dọ́káàsì béèrè.

Mùíbátù rántí ìgbà èwe rẹ̀. Bí òun àti àwọn ọmọ Ìyá Dọ́káàsì bá jà, bàbá rẹ̀ kì í béèrè ẹjọ́, Mùíbátù ló máa kọ́kọ́ bá wí. Ọmọ ẹni là á kọ́kọ́ bá wí níwájú ọmọ ẹlòmíràn. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn mìíràn bá jà ní Gbàgede, mùsùlùmí ni Mùíbátù ń dá lẹ́bi. Ó rò pé ìwà ọmọlúàbí ni. Ẹ̀rọ ò mọ ọmọlúàbí. Ohun tó rí ni pé ibi tí Bìsìmílláhì bá wà, ẹ̀bi wà níbẹ̀.

"Èmi náà máa ń na tèmi," Ìyá Dọ́káàsì wí. "Bàbá rẹ á na ìwọ, èmi á na tèmi, ó dọ́gba. Nínú ẹ̀rọ yìí, ta ló bá ọ na tèmi?"

"Kò sí, mà. Èmi nìkan ni mo kọ́ ọ."

Àwọn aṣojú ti jókòó sí yàrá kejì. Bí Mùíbátù bá tú èèrí inú asẹ́ náà sílẹ̀ báyìí, ìṣojú wọn ló máa ti ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún sì lè bàjẹ́ nìyẹn.

"Kí wọ́n rí i," Mùíbátù wí. Ó tú u.

Gbogbo ògiri ìlú kún fún ìkíni tó ti pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. "Àmín, Bàbá!" "Àṣẹ o!" "Ẹ kò ṣẹ̀ wá rárá!" Wọn ò kàn dáhùn lápapọ̀, wọ́n ń dá ìkíni àárọ̀ kọ̀ọ̀kan lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe ló sì ṣíwájú. Ká sòótọ́, bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, orí mi ń wú. Ìlú wa nìyẹn!

Mùíbátù pe ọkọ̀ náà, àmọ́ ó ti gbéra. Ohùn bàbá rẹ̀ wọlé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà."

"Ọkọ̀ yìí kì í padà lójú ọ̀nà, Àjọkẹ́. Mo ti rí ìdáhùn wọn. Mo rò pé ìlú tí mo fọwọ́ mi gbẹ́ ti kọ̀ mí." Ó wá béèrè pé, "Wọ́n ní ìwọ lo tú àṣírí ẹ̀rọ rẹ níwájú àlejò?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Èmi ni mo bí ọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì là á fi fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan lo kọ́ ẹ̀rọ yẹn."

Àwọn aṣojú ò bínú lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá lè tú iṣẹ́ ara rẹ̀ palẹ̀ báyẹn ni àwọn fẹ́. Mùíbátù tún Asẹ́rọ̀ kọ́ látìbẹ̀rẹ̀, Ìyá Dọ́káàsì àti àgbà oníṣẹ̀ṣe kan jókòó tì í, kálukú ń gbèjà ọmọ ẹnìkejì.

Nígbà tí ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ti ilé ayé wọ Gbàgede, Asẹ́rọ̀ ò sì dá a dúró.

"Bìsìmílláhì. Ẹ̀yin ará òkè, iyàn ti parí o. Mo jókòó sí ìta gbangba, mo ń wò yín. Oṣù ti lé!"

Gbogbo ìlú dáhùn. Mùíbátù náà kọ àmín tirẹ̀, ó wá jáde lọ sábẹ́ òrùlé dígí, ó gbójú sókè wo ilé ayé tí bàbá rẹ̀ ti ń wo ilé rẹ̀.