Abọ́ Òfìfo láti Òkè Padre

Àtàǹpàkò Mutmainnah dúró lójú fóònù rẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́, kò sì gbé e kúrò. Ohun méjì ló wà níwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni fídíò tí Misbaudeen, ọ̀kan nínú ọmọ gúrúùpù ìwé kíkà wọn, fi síbẹ̀: àfáà kan jókòó, ó ń fi àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀fẹ̀, ó ní pẹ̀lú ariwo tí wọ́n ń pa yẹn, àfàìmọ̀ kí Ọlọ́run tiwọn má ti dití. Èkejì ni ìbéèrè tí Ẹ̀bùnọlá kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ádímíìnì, ṣé èyí kì í ṣe wàásù?"

Mutmainnah ni ádímíìnì. Òun ló dá gúrúùpù Telegram náà sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè Mápó tí wọ́n ń kọ WAEC, òun náà ló kọ òfin tó wà lókè rẹ̀ gàdàgbà: ìwé la wá kà, a ò wá wàásù. Òfin náà dáa. Bó ṣe ń lò ó ni kò dáa.

Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá mọ́, "Jímọ̀ olóyin" á máa rọ́ wọlé, pẹ̀lú àwòrán mọ́ṣáláṣí àti ẹsẹ Àlùkùránì. Mutmainnah kò rí wàásù kankan nínú ìyẹn. Ìkíni ni. Bí wọ́n ṣe ń kíra ní Bẹyẹrúnkà, àdúgbò rẹ̀, nìyẹn kí wọ́n tó bí i. Ṣùgbọ́n bí Ẹ̀bùnọlá bá fi ẹsẹ Sáàmù kan kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, kíá ni ádímíìnì ti pa á rẹ́. Wàásù nìyẹn.

Ẹ̀bùnọlá yìí kì í sì í ṣe àlejò. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti jọ ń rìn. Bàbá Mutmainnah ti kú, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílùú òkèèrè, òun àti ìyá àgbà nìkan ló ń gbé yàrá kan nínú agbo ilé wọn. Bí a bá yọ Ẹ̀bùnọlá kúrò, ta ló kù tó ń bi í pé kí ló jẹ lónìí? Ohun tó yẹ kó rò nìyẹn.

Ohun tó ń rò ni ọ̀rọ̀ tí Misbaudeen fi ránṣẹ́ sí òun nìkan: "Sister, bó o bá torí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn pa ọ̀rọ̀ àfáà rẹ́, gbogbo wa á mọ ibi tó o wà o."

Gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un. Kó tó dá gúrúùpù sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Ní báyìí, bó bá ń kọjá ní Bẹẹrẹ, wọ́n á máa kígbe "Ádímíìnì wa" láti òdìkejì títì, inú rẹ̀ á sì máa dùn bíi pé wọ́n fi í jẹ ìyálóde.

Ó pa ìbéèrè náà rẹ́. Lẹ́yìn náà, ó yọ Ẹ̀bùnọlá fúnra rẹ̀ kúrò. Fídíò wà níbẹ̀ digbí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀bùnọlá kò pè é, kò bú u. Mutmainnah ti to èsì gbogbo èébú sẹ́nu, kò sẹ́ni tó bú u. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, Ẹ̀bùnọlá kàn ń wò ó bí ẹni ń wo ògiri. Àwọn "gbogbo wa" náà ńkọ́? Ìbéèrè WAEC àtijọ́ ni wọ́n ń bá a wá. Ọjọ́ tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibà dá òun dúbúlẹ̀, àwòrán àtàǹpàkò ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ó dojú fóònù délẹ̀, ó kọjú sógiri.

Iléyá bọ́ sáàárín ìdánwò lọ́dún náà. Ìyá àgbà gé ẹran sínú abọ́ tánńganran rẹ̀, ó ní kí Mutmainnah gbé e lọ fún ìyá Ẹ̀bùnọlá ní Òkè Padre kí eṣinṣin tó bá a. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Abọ́ náà kì í sì í padà lófìfo. Ìyá Ẹ̀bùnọlá, olùkọ́ ni wọ́n, wọn kì í dá abọ́ alábọ́ padà láìfi nǹkan sí i, ìbáà ṣe ọsàn mélòó kan. Bó bá di Kérésì, ìrẹsì á tún sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Padre wá sí Bẹyẹrúnkà.

Ìyá Ẹ̀bùnọlá fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹran, wọ́n kí i kú ọdún, wọ́n ní àwọn ò rí i mọ́, Ẹ̀bùn sì ti sọ fáwọn pé ìwé ni kò jẹ́ kó ráyè. Mutmainnah ò lè gbójú sókè. Nígbà tí wọ́n wọ ilé ìdáná, Ẹ̀bùnọlá sìn ín dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mi ò sọ fún Mọ́mì," ló wí. "Bí mo bá sọ, wọn ò ní lè jẹ ẹran yẹn, wọ́n sì fẹ́ràn ẹran Ìyá àgbà."

Mutmainnah bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òfin gúrúùpù ni.

"Ẹran Iléyá yín ń wọlé wa lọ́dọọdún, a ò tì í síta. Ìbéèrè kan péré ni mo béèrè nínú ilé tìẹ."

Kò pariwo. Ìbá sàn kó tiẹ̀ pariwo.

Mutmainnah fi abọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ó gba Bẹẹrẹ padà láàárín àwọn ọmọ tó wọ aṣọ ọdún, kò sẹ́ni tó bá a rìn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́bàá òkè Mápó, ó ṣí gúrúùpù náà, ó ń kà á padà sẹ́yìn láti Jímọ̀ dé Jímọ̀, ó ń fi ojú Ẹ̀bùnọlá kà á. Ìgbà yẹn ló rí i. Nǹkan kan náà làwọn méjèèjì ń ṣe: wọ́n ń kí èèyàn bí ìyá wọn ṣe kọ́ wọn. Òun ló sọ tiẹ̀ di ìkíni, tó sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀.

Ó pa fídíò náà rẹ́. Ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ lójú gbogbo wọn: "Èmi ádímíìnì ni mo rú òfin wa. Mo yọ ẹni tó béèrè ìbéèrè, mo fi ẹni tó ń bú ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Láti òní, ìkíni Jímọ̀ àti ìkíni ọjọ́ Ìsinmi, bákan náà ni. Èébú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, màá pa á rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àwọn èèyàn mi ló sọ ọ́."

Misbaudeen bi í léèrè bóyá ó ti ṣèrìbọmi. Òun àti àwọn tirẹ̀ bá tiwọn lọ, wọ́n dá gúrúùpù mìíràn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kígbe "Ádímíìnì wa" mọ́ ní Bẹẹrẹ. Mutmainnah fi líǹkì gúrúùpù ránṣẹ́ sí Ẹ̀bùnọlá pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, Ẹ̀bùnọlá kà á, kò wọlé. Ìyá àgbà sì ń béèrè ṣáá: "Abọ́ mi ńkọ́?"

Ìgbà tí wọ́n kọ ìdánwò tán ni Ẹ̀bùnọlá yọ lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé, abọ́ tánńganran lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá àgbà, ó na abọ́ sí Mutmainnah. Ó mọ́ tónítóní. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

"Mọ́mì ti bu ìrẹsì sí i, èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́," ló sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Inú ń bí mi síbẹ̀, mi ò fẹ́ parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n Mọ́mì fẹ́ rán èèyàn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e wá fúnra mi."

Ó yí padà, ó lọ. Mutmainnah ń wò ó títí ó fi pòórá níbi ìyànà. Ìyá àgbà wo inú abọ́, wọ́n wo ojú ọmọ wọn, wọ́n gbé abọ́ sípò rẹ̀.

"Kérésì ń bọ̀," ni wọ́n sọ.

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe ádímíìnì lọ́la, tàbí kápútéènì kíláàsì, tàbí ohun yòówù tó lè pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́, ọ̀rọ̀ àwọn tirẹ ni kó o kọ́kọ́ fi òfin wọ̀n. Bó ò bá lè ṣe é, gbé ipò náà sílẹ̀. Ariwo àwọn tó ń yìn ọ́ kì í wá bẹ ọ́ wò lọ́jọ́ tí ibà bá dá ọ dúbúlẹ̀.