Kórópe Tó Bá Àrá Díje

Ẹsẹ̀ méjì ni Ọ̀ṣunfúnkẹ́ kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú ẹni tó ni wọ́n. Wọ́n yọ síta lábẹ́ kórópe aláwọ̀ búlúù kan ní gáréèjì Ìkìrun, ẹrẹ̀ pupa bo àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ sì ń jó bí ẹni tó ni wọ́n ṣe ń bá gbogbo èrò jiyàn láti ìsàlẹ̀. Òjò òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni.

"Mo ní ó ṣeé ṣe!" ni ohùn náà ń wí. "Mo wò ó lórí fóònù lánàá. Àwọn òyìnbó pàápàá ń jiyàn ẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti ara ọkọ̀ ojú títì ṣe lè yí pápá po, kó fi ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún eré ìje sẹ́yìn. Ẹ ṣáà fún un ní ẹ́ńjìnnì gidi!"

"Irọ́ ni," Ọ̀ṣunfúnkẹ́ sọ kó tó mọ̀ pé òun ti lanu. Tíṣà físíìsì ni ní Òkukù, kò sì lè gbọ́ ìṣirò tí kò pé kó dákẹ́. "Ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́. Ọkọ̀ eré ìje fúyẹ́, atẹ́gùn sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó bá ń yà ní kọ́nà. Ọkọ̀ ojú títì ru ilẹ̀kùn, ó ru ìjókòó, ó tún ru ẹrù oníẹrù."

Ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́. Ọkùnrin kan wọ́ jáde, gíríìsì níwájú orí, ẹ̀rín lẹ́nu. Ó wo Ọ̀ṣunfúnkẹ́ títí, àfi bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń ṣe.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ jókòó síwájú. Ẹ ó máa kọ́ mi lọ dé Òkukù."

Ọlásúnkànmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Inísà, mẹkáníìkì tó tún ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, ìfẹ́ kọ́ ló kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ náà, ìbínú ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Inísà ni bàbá arúgbó kan nawọ́ létí títì, iṣu mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ti kún dẹ́nu. Súnkànmí tẹ bíréèkì.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Mo ti pẹ́ o!" Ọ̀ṣunfúnkẹ́ pariwo.

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Àwa tí à ń na ọ̀nà yìí, a kì í kọjá àgbà tó bá nawọ́. Bàbá mi ló fi kọ́ mi, kí n tó mọ jíà kìíní." Ó gbé iṣu méjì lé itan ara rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀."

Ó sún, ó sì di ojú rẹ̀ kókó títí dé Òkukù. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó jẹ́ kí kórópe mẹ́ta kọjá lọ ní gáréèjì, ó ń dúró de aláwọ̀ búlúù. Kí lẹ fẹ́ kí n pe ìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di ti ara wọn. Láàárọ̀, ìkùukùu máa ń bo odò Ọ̀tìn, ọkọ̀ á máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú funfun náà, èèyàn á rò pé kò fẹ́ dé. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ náà kò fẹ́ kó dé.

Bàbá rẹ̀ ni ìṣòro. Bàbá Ògúntóyìnbó, mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó irin pọ̀ di ọkọ̀ eré ìje nígbà èwe rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Àrá. Àrá kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà. Lẹ́yìn ìlú Òkukù, àwọn tó la títì nígbà kan fi ọ̀nà ọlọ́dà yí àgọ́ wọn po kí wọ́n tó kó lọ. Ibẹ̀ ni Àrá ti yípo ní ìṣẹ́jú méjì géérégé, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Látìgbà náà, onírúurú ọkọ̀ ti gbìyànjú, kò sí èyí tó dé bẹ̀.

"Awakọ̀ kórópe?" Bàbá wo Súnkànmí níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. "Ọmọ tí mo rán ní yunifásítì?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, sà."

"Mo ti gbọ́. Ìwọ náà lò ń jiyàn káàkiri gáréèjì pé ọkọ̀ ojú títì lè borí ọkọ̀ eré ìje. Ó dáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá fún ọ. Bí kórópe rẹ bá yípo níbẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú méjì, kí àwọn ẹbí rẹ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, má yà nílé mi mọ́."

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi tún kórópe ṣe ní Inísà. Súnkànmí tú ìjókòó èrò kúrò, ó tú ilẹ̀kùn, ó gé òrùlé, ó ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ̀ ọ́ nínú. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ á jókòó lórí garawa ọ̀dà pẹ̀lú ìwé rẹ̀, á máa ṣírò bí yóò ṣe ya kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Nígbà ìdánwò, apá tó gbẹ̀yìn, láti ìdí igi àràbà dé òpin, kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ.

"Tíṣà mi, bí mi ò bá ṣe é ńkọ́?"

"Màá máa wọ kórópe ẹlòmíì nìyẹn." Ó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n omi ti lé sí i lójú.

"Rárá o," Súnkànmí sọ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Má wọ ti ẹlòmíì."

Àárọ̀ Sátidé kan nígbà ọyẹ́ ni wọ́n sáré náà. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ di aago mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Kórópe gbéra, ó wọnú kùrukùru, ó yọ lápá kejì, ó ń kọrin. Ó ya kọ́nà kìíní, ó ya ìkejì. Nígbà tó dé ìdí àràbà, aago wà ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ fò sókè. Ó ti borí!

Àfi bí ìyá arúgbó kan ṣe yọ láti ọ̀nà oko pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ lórí. Kò dí ọ̀nà rárá. Ó kàn rí kórópe, ó sì nawọ́.

Bíréèkì han gooro. Súnkànmí fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó wo òpin ọ̀nà níwájú, ó wo ìyá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sọ ẹrù ìyá sínú ọkọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ dé Eko Ende?" ìyá bi í. "Kí ló dé tí ọkọ̀ yín ò ní àga?"

"Wọ́n ń tún un ṣe ni, Ìyá. Ẹ rọra."

Ìyá jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀ jẹ́jẹ́ títí wọ́n fi kọjá òpin. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ti pa aago. Omijé ń dà lójú rẹ̀, inú ń bí i, ó sì nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà débi tí àyà fi ń dùn ún.

Súnkànmí dojúbolẹ̀ níwájú Bàbá. "Mo ti pàdánù, sà."

Àràbà ni Bàbá ń wò. Nígbà tó yá, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Fúnkẹ́, ọjọ́ tí mo gba ìṣẹ́jú méjì yẹn, ìdí àràbà yẹn gan-an ni ìyá rẹ dúró sí, ó lóyún rẹ. Ó nawọ́ sí mi. Mo rò pé ó ń yẹ́ mi sí ni, mo bá tún tẹná mọ́ ọn. Ìrọbí ló ti mú un. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ ló gbẹ̀bí rẹ. Nígbà tí mo fi ariwo ayọ̀ padà dé, ìwọ ti ń ké." Ó bọ́ fìlà rẹ̀. "Kò bá mi jà. Títí ó fi kú, kò bá mi jà rárá. Ìyẹn ló dùn mí jù."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa Súnkànmí dìde.

"Àrá mọ eré, kò mọ dídúró. Dìde, ọmọ mi. Sọ fún àwọn ará Inísà kí wọ́n máa bọ̀."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Súnkànmí ti dá òrùlé, ilẹ̀kùn àti ìjókòó padà sára kórópe, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wa ìyàwó rẹ̀ lọ sí Inísà nínú rẹ̀.

"Ọkọ mi," Ọ̀ṣunfúnkẹ́ sọ, "mo ní nǹkan tí mi ò tíì sọ fún ọ. Nígbà tí o tẹ bíréèkì yẹn, mo wo aago. Ò bá fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin borí Àrá."

Súnkànmí dín eré kù. "Ó dá ọ lójú?"

"Ìṣirò ni. Ọkọ̀ ojú títì lè ṣe é. Ìwọ lo jàre, èmi ni mo jẹ̀bi."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Má sọ fún Bàbá o."

"Láéláé."

Níwájú wọn, létí títì, bàbá kan dúró pẹ̀lú igi ìdáná, ó nawọ́. Súnkànmí yíjú wo ìyàwó rẹ̀. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ti ń kó aṣọ funfun rẹ̀ jọ. Ó sún díẹ̀.