Àmì Ilẹ̀ ní Ààyè Keje

Wọ́n ti gbé obìnrin náà lọ kí ọlọ́pàá tó dé, ṣùgbọ́n bàálù tó ṣekú pa á ṣì wà níbẹ̀. Ó dúró gbagidi sí Ààyè Keje, ẹ́ńjìnnì apá òsì rẹ̀ ti wọnú afárá tí èrò máa ń gbà wọ bàálù, irin sì ti lọ́ mọ́ irin. Obìnrin náà ló ń wa afárá yẹn. Orí àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbá a, ó já bọ́ sórí kọnkéré, ẹ̀mí sì bọ́ kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ọkùnrin tó dúró níwájú bàálù náà, tó ń fi igi pupa méjì júwe ibi tó máa dúró sí fún un, ọkọ rẹ̀ ni.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá. Tọkọtaya náà ti jà ní ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, etí tó gbọ́ ò níye. Kí oòrùn tó mú, ẹnu ti ń kùn káàkiri pápákọ̀ òfurufú pé ńṣe ni ọkùnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ pe bàálù lu ìyàwó rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tì í mọ́ yàrá kan. Ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó sá lọ.

Inspẹ́kítọ̀ tí wọ́n rán wá jẹ́ obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kì í yára rìn, tí kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ làwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń pè é tí kò bá sí nítòsí. Òwe tí wọ́n ti yọ orúkọ náà kò ṣe é kọ sínú ìwé ọmọlúàbí. Òun náà mọ̀ ọ́n, ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni.

Ọ̀gá tó ń pín ààyè fún bàálù ló jáde wá pàdé rẹ̀. Pápákọ̀ náà kéré sí iṣẹ́ tó ń ṣe. Bàálù ń bà, bàálù ń gbéra. Èyí tó bà gbọ́dọ̀ rí ibi dúró sí, èyí tó dúró gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde, ọkùnrin yìí ló sì ń to gbogbo wọn bí ẹni ń to àwo sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó há. Kò sígbà tí wọ́n bi í pé ṣé ààyè ṣì wà tí kì í dáhùn pé ó wà. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ààyè-Ò-Tán, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí orúkọ náà.

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú wàhálà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé bàálù yìí kúrò. Àwọn kan ń yí lókè, wọn ò ríbi bà sí. Katakata tó máa fà á ti wà nílẹ̀, èmi fúnra mi á sì dúró tì í títí tó fi máa lọ."

"Àwọn tó ń yí lókè yẹn, ṣé epo wà nínú wọn?"

"Ó wà, mà."

"Kí wọ́n máa yí ná. Báwo lọ̀rọ̀ yìí ṣe jẹ́?"

"Kò lọ́jú pọ̀ rárá, mà. Ẹ wo àmì yẹ́lò tó wà lábẹ́ bàálù yẹn. Ibẹ̀ ló yẹ kí táyà iwájú dúró sí, ẹ sì rí i pé ó ti kọjá ibẹ̀. Awabàálù kì í rí ilẹ̀ láti ibi tó jókòó sí, ọwọ́ atọ́nà ló ń wò. Tí atọ́nà bá ní máa bọ̀, á máa bọ̀."

"Ṣé ẹ rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

Ààyè-Ò-Tán na ọwọ́ méjèèjì. "Èmi ò bá wọn sùn, mà. Ohun tó wà láàárín tọkọtaya, àwọn méjèèjì ló yé."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ̀ ba, ó wọ abẹ́ bàálù. Ó kúnlẹ̀ sídìí àmì náà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Òdà ibẹ̀ ti gbẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, síbẹ̀ ó fà mọ́ ọn lọ́wọ́ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí pálásítà kúrò. Lẹ́yìn náà ó lọ síwájú, ó wo ìdí táyà méjèèjì títí ọrùn fi ń ro ó. Nígbà tó jáde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ Sájẹ́ǹtì rẹ̀.

"Jókòó síbí," ó sọ fún un. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún bàálù yìí. Tí wọ́n bá ní èmi ni mo ní kí wọ́n sún un, sọ fún wọn pé o ò mọ̀ mí rí."

Ẹni tó ń wa katakata ni Inspẹ́kítọ̀ kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, nítorí tábìlì tó tẹ̀ lé ti tọkọtaya náà ló ti jẹun láàárọ̀.

"Kí ni wọ́n jà sí?"

"Kọ́kọ́rọ́ ilé ni, mà. Ọkọ gbàgbé láti fi sílẹ̀, ni ìyá ìyàwó bá dúró síta nínú òjò. Ìyàwó ní orí rẹ̀ ti jò. Ọkọ náà bínú, ó ní kó má bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Ṣé ìjà tó ń pààyàn nìyẹn?"

"Ìyàwó tèmi sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ sí mi kí n tó bọ́jú láàárọ̀, mà. Ṣùgbọ́n ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Mi ò lè búra fún ẹnì kankan."

"Nígbà tí obìnrin náà ṣubú, ibo lẹ sá lọ?"

"Ìdí àtẹ̀gùn ni gbogbo wa sáré lọ. Ọ̀gá nìkan ló sáré lọ sábẹ́ bàálù. Ó ń pariwo pé ká má ṣe sún mọ́ ọn, pé epo lè jò, iná lè sọ."

"Ṣé epo jò?"

Awakatakata mi orí. "Rárá, mà. Bí ẹ ṣe bi mí yìí, mi ò rí epo kankan."

Láti ibẹ̀, ó gun òkè lọ sí ilé ìṣọ́, níbi tí obìnrin kan ti ń bá gbogbo awabàálù sọ̀rọ̀. Láti ojú fèrèsé, èèyàn ń rí àwọn bàálù tó tò lẹ́yìn ara wọn bí ẹni tó wá pọn omi, tí wọ́n ń dúró de ojú pápá tí wọ́n fẹ́ fi gbéra. Inspẹ́kítọ̀ bi í pé ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn Ààyè Keje ńkọ́.

"Ó yẹ kó wà ní ṣíṣí, mà. Ọ̀gá apínààyè sọ fún mi láàárọ̀ kí bàálù yẹn tó bà pé kí n máa kó bàálù gba ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọ̀nà yẹn bá tì, ìdajì àwọn tó fẹ́ gbéra á sùn síbí."

"Ó ní ààyè wà?"

"Ìgbà wo ni kì í wà lẹ́nu rẹ̀, mà?"

Ó wá kan ọkọ. Nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ò kí i, kò sì gbójú sókè. Ọkùnrin náà wà nínú yàrá, aṣọ iṣẹ́ tó ń tàn yinrin ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

"Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi."

"Mo rí àmì, mo sì ń wo táyà. Bí táyà ṣe gun orí rẹ̀ báyìí, mo gbé igi méjèèjì kọ ara wọn lókè orí, bàálù dúró. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe."

"Àmì mélòó lo rí?"

"Ẹyọ kan, mà. Òní ni bàálù ńlá yẹn kọ́kọ́ dé. Ilé iṣẹ́ tó ni ín ti kó àwọn kékeré tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kúrò, ràgàjì ni wọ́n kó dé. Ìsinmi ni mo wà nígbà táwọn ẹnjiníà wá kun àmì tuntun fún un, àárọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ fojú kàn án."

"Ta ló ń wo apá bàálù fún ọ?"

"Ọ̀gá ti kó àwọn yẹn lọ sí ibòmíì. Iṣẹ́ pọ̀ jù, èèyàn ò tó."

"Wọ́n ní bàálù kọjá àmì."

"Wọ́n sọ fún mi." Ẹkún kò sí lójú rẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti tán. "Mo ti ń rò ó láti àárọ̀. Inú ń bí mi sí i lóòótọ́, mà. Bóyá ìbínú yẹn ló bo ojú mi. Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló pa á, ẹ má wá lọ́yà fún mi. Ẹ sáà jẹ́ kí n mọ̀."

Inspẹ́kítọ̀ ò ṣèlérí kankan fún un. Ó ní kó dìde, kó tẹ̀ lé òun.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ààyè Keje, àwọn ẹnjiníà ti gé irin tó di ẹ́ńjìnnì mú. Gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn ló wà níbẹ̀. Ìyá ìyàwó náà tẹ̀ lé wọn jáde, ó dúró lókèèrè, ó ká apá mọ́yà.

"Ó yá, a fẹ́ sún bàálù," Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n a ò ní gbé e lọ. A ó tì í sẹ́yìn títí táyà rẹ̀ á fi dé orí àmì tí ọ̀gá fi hàn mí. Sájẹ́ǹtì, bí táyà bá ṣe ń kúrò níbẹ̀ báyìí, ju aṣọ òjò rẹ bo ilẹ̀."

"Mà, ẹ jẹ́ kí n dúró sídìí táyà yẹn," Ààyè-Ò-Tán yára sọ. "Iṣẹ́ wa ni."

"Ẹ dúró ti èmi. Mo fẹ́ràn kéèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Katakata ti bàálù náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Sájẹ́ǹtì ju aṣọ òjò sílẹ̀. Nígbà tí táyà dé orí àmì, ìrù bàálù náà ti yọ kọjá ìlà pupa tó pààlà ààyè náà, ó wà lójú ọ̀nà ẹ̀yìn gbangba gbàǹgbà. Bàálù kan sì dúró lọ́nà yẹn, ó ń retí àṣẹ. Inspẹ́kítọ̀ na rédíò ọwọ́ sí Ààyè-Ò-Tán.

"Ẹ sọ fún ilé ìṣọ́ kí ìyẹn máa kọjá."

"Kò lè kọjá, mà. Apá rẹ̀ á gé ìrù èyí."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà. Ogún ọdún rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí."

Inspẹ́kítọ̀ gba rédíò náà padà, ó sì ní kí obìnrin inú ilé ìṣọ́ tún ohun tó sọ fún òun sọ. Ohùn náà jáde ketekete: ọ̀gá apínààyè ló ní kí bàálù máa gba ẹ̀yìn Ààyè Keje lónìí, ó ní ààyè wà.

"Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀," Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. "Yálà ẹ fẹ́ kí bàálù méjì kọ lu ara wọn láàárọ̀ yìí, mi ò sì gbà bẹ́ẹ̀. Tàbí kó jẹ́ pé kí bàálù yìí tó bà lẹ ti mọ̀ pé kò ní dúró sórí àmì yìí, pé iwájú ló máa lọ dúró sí. Ta ló sọ fún yín?"

"Àṣìṣe ni, mà. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ìrù yẹn ni."

"Sájẹ́ǹtì, ká aṣọ òjò rẹ."

Téèpù yẹ́lò kan ló lẹ̀ mọ́ kọnkéré níbẹ̀. Kò gùn ju ìbú táyà méjèèjì lọ, etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì sì ti ya jákujàku, bí ohun tí wọ́n fi agbára fà.

"Ẹ ní ẹrù amúkùn-ún wọ́," Inspẹ́kítọ̀ wí, "òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Gbogbo yín ń wo ẹ́ńjìnnì, ẹ̀ ń wo ọwọ́ atọ́nà. Ọ̀gá yìí ló fi téèpù dúdú bo àmì tòótọ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó fà mọ́ mi lọ́wọ́. Ó wá lẹ yẹ́lò síwájú kí ìrù bàálù lè kúrò lọ́nà. Ó wọn imú, ó wọn ìrù, kò rántí wọn ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ sáré tọ obìnrin náà lọ, òun sáré lọ ya téèpù. Ó rí gbogbo rẹ̀ ya tán, àyàfi ibi tí táyà tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyẹn ló ṣe ń bẹ̀ mí láti àárọ̀ pé kí n jẹ́ kóun dúró tì í."

Ààyè-Ò-Tán jókòó sílẹ̀ tòun ti ṣòkòtò rẹ̀ tó mọ́ tónítóní, lórí ọ́ìlì tó wà nílẹ̀.

"Mo ti fẹnu ara mi sọ fún àwọn ọ̀gá àgbà pé bó ti wù kí bàálù tuntun tóbi tó, kò ní gba ààyè ẹnì kankan," ó ní. "Ó kù díẹ̀ kó gbà á, díẹ̀ péré. Ọlọ́run ló mọ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú."

"Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó kú, ẹ fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ lọ ṣẹ̀wọ̀n fún un. Torí ìyẹn ni mo ṣe ń mú yín lọ."

Nígbà tí wọ́n ti mú un wọ mọ́tò, atọ́nà náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí téèpù. Ojú táyà hàn lórí rẹ̀, ó sì dúró sí àárín rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ibí ni mo dá a dúró sí?"

"Ibẹ̀ ni. O ò fi ìka kan yẹ̀ ẹ́."

Ó fọwọ́ kan téèpù náà. "Ká ní mo jẹ́ ẹni tí kì í kọbi ara sí iṣẹ́, mà, ká ní mo dá a dúró kó tó débẹ̀, ṣé ì bá ṣì wà láyé?"

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí kọnkéré.

Ìyá ìyàwó ló wá. Ó rìn kọjá láàárín wọn láìwo ẹnì kankan, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó sì di ọkùnrin náà lápá mú.

"Dìde, Bàbá àwọn ọmọ."

"Mọ́mì, mo sọ fún un pé kó má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

"Mo mọ̀. Ó sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ó ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín ni." Ìyá náà tún fà á lápá. "Dìde. Àwọn ọmọ ò ní pẹ́ jáde nílé ìwé. Kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́mọ ọlọ́mọ, àwa la gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún wọn, èmi nìkan ò sì lè dá a sọ."